Ó ti ṣáájú wa dé Gálílì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọdún Àjíǹde o. Ẹ kú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, ẹ sì kú ìrìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó, Àbújá àti Ìlọrin wálé. Mo gbọ́ pé ọ̀nà láti Ajàṣẹ́-Ìpo wá sí Òmù-Àrán níbí lu ẹlòmíràn bí ẹní lu bàrà. Ẹ pẹ̀lẹ́.

Lọ́la, Ọjọ́ Ajé, à ń lọ Gálílì, ìjáde ìgbafẹ́ tí ìjọ máa ń ṣe lẹ́yìn ọjọ́ Àjíǹde. Kò sí ọmọdé kan nínú ìjọ tí kò mọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ń bi ìyàwó mi bóyá ráìsì ni tàbí àmàlà. (Ráìsì ni.) Àwọn Mùsùlùmí inú ilé wa náà ti ń béèrè ìgbà tí ìkòkò máa sọ̀, bí àwa náà ṣe máa ń béèrè ẹran Iléyá lọ́wọ́ wọn. Mo fẹ́ràn ìlù, mo fẹ́ràn ráìsì, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì Bíbélì lálẹ́ Ọjọ́rú, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Pásítọ̀, kí ló dé tó fi jẹ́ Gálílì? Ṣé kò sí ibòmíràn ni?" Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú nǹkan kan kúrò lọ́nà. Kò sí ẹsẹ Bíbélì tó sọ pé Ọjọ́ Ajé ni wọ́n lọ. Jòhánù tilẹ̀ jẹ́ ká mọ̀ pé ní ọjọ́ kẹjọ, inú ilé ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ṣì wà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìgbà náà ni Tọ́másì rí Olúwa. Gálílì kì í sì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ó lé ní 100 kìlómítà sí Jerúsálẹ́mù, nǹkan bí ìrìn ọjọ́ mẹ́ta fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Àwa la fi sí Ọjọ́ Ajé nítorí pé ìjọba fún wa ní ìsinmi. Kò burú.

Ọmọ yìí kan náà tún fẹ́ mọ ìdí tí ọdún Àjíǹde fi ń sún kiri nígbà tí Kérésìmesì dúró lójú kan. Ẹni tó bá ti bá àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìlọrin wo oṣù ààwẹ̀ rí kò ní rí i bí nǹkan àjèjì. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nísíà, ní ọdún 325, ló fẹnu kò pé ọjọ́ Àìkú kan náà ni kí gbogbo ìjọ máa ṣe é. Ọjọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti 21 oṣù kẹta ni tiwa. Nítorí náà, kì í ṣáájú 22 oṣù kẹta, kì í sì í kọjá 25 oṣù kẹrin. Ti ọdún yìí bọ́ sí 5 oṣù kẹrin. Ìyẹn tó.

Ó ku Gálílì.

Ẹ ṣí Máàkù orí 16. Áńgẹ́lì tó wà ní ibojì ní kí àwọn obìnrin lọ sọ fún àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ àti Pétérù pé Jésù ń ṣáájú wọn lọ sí Gálílì. "Àti Pétérù." Ṣé Pétérù kì í ṣe ọmọ-ẹ̀yìn ni? Bí ẹ bá ní kí ọmọdé lọ pe gbogbo ará ilé "àti Bọ̀dá Ṣọlá", ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ láàrin Bọ̀dá Ṣọlá àti ará ilé. Tàbí Bọ̀dá Ṣọlá fúnra rẹ̀ ló ń rò pé ìpè náà kò kan òun mọ́.

Ẹ rántí òru tí wọ́n mú Jésù, ní àgbàlá olórí àlùfáà. Òtútù mú, wọ́n dá iná ẹ̀yín, Pétérù náà sì bá wọn yá a. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ pé òun kò mọ ọkùnrin náà. Mátíù fi kún un pé ohùn rẹ̀ ló tú u fó, wọ́n gbọ́ ọ pé ará Gálílì ni. Àwa Ìgbómìnà mọ ìyẹn dáadáa. Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí mọ ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín bí a bá la ẹnu, àwọn kan nínú wa sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èdè ìgboro bo ti ilé mọ́lẹ̀. Ojú ará oko ni Jerúsálẹ́mù fi ń wo ará Gálílì.

Bó bá ṣe èmi ni mo jí dìde láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, ilé Pílátù ni mi ò bá kọ́kọ́ yà. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Ẹ káàárọ̀ o" péré. Jésù kò lọ síbẹ̀, kò sì lọ sí tẹ́ńpìlì lọ dójú ti ẹnikẹ́ni. Oko ló gbà lọ, síbi tí ọkọ̀ ojú omi Pétérù wà.

Ẹ wá ka Jòhánù orí 21. Wọ́n dẹ odò títí ilẹ̀ fi mọ́, wọn kò rí nǹkan kan mú. Ẹnì kan dúró ní etí omi, ó ní kí wọ́n ju àwọ̀n sí apá ọ̀tún, ẹja 153 sì kó sí i. Àwọn oníwàásù fẹ́ràn iye ẹja yẹn, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ títí ó fi sú mi. Èmi, iná ni mò ń wò. Ní èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọ̀rọ̀ tí Jòhánù lò fún iná ẹ̀yín yẹn jáde: ní àgbàlá tí Pétérù ti sẹ́ Olúwa, àti ní etí òkun yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń sun ẹja mọ bí òórùn èédú ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Pétérù bẹ́ sómi, ó wọ́ ara tútù jáde, òórùn òru ọjọ́ yẹn ló sì kọ́kọ́ lù ú nímú.

Ṣùgbọ́n ẹja ló wà lórí iná, àti àkàrà. (Búrẹ́dì ni o. Ọmọ mi kékeré rò pé Jésù rẹ ẹ̀wà.) Olúwa ní, "Ẹ wá jẹun òwúrọ̀." Kò mẹ́nu ba àgbàlá. Ẹsẹ 15 wí pé nígbà tí wọ́n jẹun tán ló tó bi Símónì Pétérù bóyá ó fẹ́ràn òun, ẹ̀ẹ̀mẹta, bí iye ìgbà tó sẹ́ ẹ. Àgbà ilé èyíkéyìí mọ̀ pé a kì í ka ẹjọ́ sí ẹni tí ebi ń pa tí aṣọ rẹ̀ ṣì tutù lọ́rùn.

Gálílì tí à ń lọ lọ́la nìyẹn. Àwọn kan ti Àbújá dé láti Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti kí gbogbo àdúgbò tán, wọn kò tíì wọ yàrá ẹ̀gbọ́n wọn tí ògiri kan ṣoṣo pààlà wọn, nítorí ilẹ̀ bàbá.

Èmi náà ńkọ́? Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, owó òrùlé ìjọ dín. Mo sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ. N kò dárúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo orí ló yí sí bẹ́ǹṣì arákùnrin kan. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo rí rìsíìtì owó náà láàrin ìwé ìwàásù mi. Mo sọ fún àwọn alàgbà pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. N kò sọ ọ́ lórí pẹpẹ. Arákùnrin náà kò wá mọ́. Ní Gálílì èṣí, ó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ dé etí pápá, ó dúró sí ìdí igi máńgòrò. Mo rí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sídìí jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, mo ń tú u wò. Ìyàwó mi ló gbé àwo ráìsì lọ bá a.

Nígbà tí kíláàsì tú lálẹ́ Ọjọ́rú, n kò lọ sílé. Mo lọ bá arákùnrin náà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó lóṣòó ti iná, ó ń yí iṣu lórí ẹ̀yín. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ojú ọ̀nà. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí sí mi, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jókòó. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Epo nìkan ló wà o."

A jẹ ẹ́ tán kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá. Mo bi í bóyá mo lè kọ ọ́ síbí. Ó ní kí n má dárúkọ òun, ṣùgbọ́n kí n kọ ọ́ gbangba pé ọwọ́ mi ni rìsíìtì wà.

Ọwọ́ mi ló wà.

Aago mẹ́sàn-án la ó gbéra lọ́la. Ó ní òun ń mú ọmọ-ọmọ òun bọ̀, òun kò sì ní dúró sí ìdí máńgòrò.