Ìṣákọ́lẹ̀ àti owó bébà ló lé Chiang Kai-shek, kì í ṣe ìbọn Rọ́ṣíà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí ìjà àárín ẹgbẹ́ Kuomintang, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onífẹ̀ẹ́ orílẹ̀-èdè, àti ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ilẹ̀ Ṣáínà, inú mi sì dùn pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí àyè nínú ìwé ìròyìn Yorùbá. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbójú fò dá, èyí tó ní ìbọn tí Rọ́ṣíà kó fún Mao Zedong, olórí àwọn Kọ́múníìsì, ló lé Chiang Kai-shek, olórí Kuomintang, sá lọ sí erékùṣù Taiwan ní ọdún 1949. Ìtàn ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì mọ bí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń wọ ọmọ lórí tí kì í jáde mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ ná. Àti Kuomintang àti Kọ́múníìsì ló jẹun nínú àwo rẹ̀. Ní ọdún 1923, Sun Yat-sen tó jẹ́ olórí Kuomintang ṣáájú Chiang bá aṣojú Moscow ṣe àdéhùn, owó àti olùkọ́ láti ọ̀hún ni wọ́n sì fi gbé ilé ẹ̀kọ́ ológun Whampoa dìde ní 1924, pẹ̀lú Chiang gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà. Zhou Enlai, tó wá di olórí ìjọba lábẹ́ Mao nígbà tó yá, wà níbẹ̀ lábẹ́ Chiang, òun ló ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìṣèlú. Inú agbo kan náà ni wọ́n wà nígbà náà. Ọmọ Chiang, Chiang Ching-kuo, lọ kàwé ní Moscow ní 1925, ó fẹ́ ìyàwó ní Rọ́ṣíà, kò sì padà sílé títí di 1937. Nígbà tí bàbá rẹ̀ dójú ìjà kọ àwọn Kọ́múníìsì ní Shanghai ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1927, tí wọ́n ń pa wọ́n ní ìpakúpa, ọmọ yìí bu ẹnu àtẹ́ lu bàbá rẹ̀ ní gbangba láti Rọ́ṣíà. Ẹ rántí orúkọ rẹ̀, n óò tún padà kàn án.

Nígbà tí ogun tí Japan gbé ja Ṣáínà sì ń parí lọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1945, ìjọba Chiang ni Stalin, olórí Rọ́ṣíà, bá tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, kì í ṣe Mao. N kò sẹ́ pé ohun ìjà tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà gbà lọ́wọ́ Japan ní Manchuria, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà, dé ọwọ́ àwọn Kọ́múníìsì. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà náà kò káwọ́ gbera. Ìrànlọ́wọ́ tó fún Chiang lẹ́yìn ogun tó bílíọ̀nù 2 dọ́là, ó sì fi bàálù àti ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ sí àríwá. Nígbà tí ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1946, ọmọ ogun Chiang ju mílíọ̀nù 4 lọ, ti Mao kò ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìbọn ni wọ́n fi ń wọn ogun, Chiang ni ì bá borí.

Inú ọjà ni ohun tó wó ilé Chiang ti bẹ̀rẹ̀. Ogun Japan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1937 gba Shanghai, Nanjing àti àwọn ìlú etíkun tí owó ti ń wọlé fún ìjọba rẹ̀, ó lé e dé ìlú Chongqing tó jìnnà sí etíkun, níbi tó ti ń tẹ owó bébà láti fi gbọ́ bùkátà ogun. N kò ní fojú kéré ìyà yẹn, nítorí àwọn ọmọ ogun Chiang ló gba èyí tó wúwo jù nínú ogun náà mọ́ra. Ṣùgbọ́n ogun Japan parí, ẹ̀rọ tó ń tẹ owó kò dúró. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1948, ìjọba gbé owó tuntun jáde tí wọ́n pè ní yuan oníwúrà, mílíọ̀nù 3 owó àtijọ́ sì ni wọ́n ń gbà kí wọ́n tó fúnni ní ẹyọ kan rẹ̀. Wọ́n pàṣẹ pé kí olúkúlùkù kó wúrà, fàdákà àti owó ilẹ̀ òkèèrè tó bá wà nílé rẹ̀ wá, kí ó gba bébà tuntun náà dípò rẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, bébà ọ̀hún náà kò níyì mọ́. Àwọn tó gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu gan-an ni ìjọba sọ di akúṣẹ̀ẹ́.

Chiang Ching-kuo yẹn ni bàbá rẹ̀ rán lọ sí Shanghai láti mú àwọn tó ń kó ọjà pamọ́. Ó mú wọn lóòótọ́, àwọn gbajúmọ̀ oníṣòwò wọ ẹ̀wọ̀n, ará ìlú sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ilé iṣẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó Chiang, ẹjọ́ náà wọlẹ̀. Nígbà tí oṣù Kọkànlá wọlé, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Shanghai.

Fọ́tò kan wà tí ọmọ Faransé kan yà ní ìlú náà ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Mo máa ń fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ní ìta ilé ìfowópamọ́ ni, níbi tí àwọn ènìyàn ti to láti fi bébà gba wúrà díẹ̀ padà. Wọ́n há mọ́ra wọn débi pé abẹ́rẹ́ kò lè já bọ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ọwọ́ ẹnìkan rọ̀ mọ́ èjìká ẹni iwájú, ọwọ́ ẹlòmíràn gbá ẹnìkejì mú níbàdí kí wọ́n má baà yọ ọ́ dànù lórí ìlà. Àwọn kan kú nínú ìfúnpọ̀ náà. Àwọn tí ìjọba Kuomintang fi ṣe òpó ìlú nìyẹn. Kì í ṣe ọmọ ogun Mao ló há wọn mọ́ ibẹ̀.

Ní abúlé, ọ̀rọ̀ náà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣákọ́lẹ̀ tí bàbá mi ń san fún onílẹ̀ kò ju isu mélòó kan àti garawa epo kan lọ́dún. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ṣáínà, ìdajì irè oko ni àgbẹ̀ ń kó fún onílẹ̀. Àwọn tó ń wá ọmọ ogun fún Kuomintang tún ń fi okùn so àwọn ọ̀dọ́kùnrin pọ̀ kí wọ́n má baà sá lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ ni àwọn Kọ́múníìsì ń pín fún irú àwọn àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀. N kò pè wọ́n ní ẹni mímọ́ o. Wọ́n pa ọ̀pọ̀ onílẹ̀ níbi ìpín ilẹ̀ náà, wọ́n dó ti ìlú Changchun ní 1948 títí ebi fi pa ọ̀kẹ́ àìmọye ará ìlú kú, wọ́n sì gba ilẹ̀ tí wọ́n pín yìí padà lọ́wọ́ àgbẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ọdún 1948 kò mọ èyí tó ń bọ̀. Nígbà ogun Huaihai, ìyẹn ìjà ńlá kan láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì tó parí ní oṣù Kìíní ọdún 1949, àwọn ará oko ló ń fi bárò ti oúnjẹ lọ fún ọmọ ogun Mao. Lóṣù kan náà, Fu Zuoyi, ọ̀gágun kan lábẹ́ Chiang, fi Beiping, tí à ń pè ní Beijing lónìí, lélẹ̀ fún wọn láì jẹ́ kí wọ́n jà á nígboro; ọmọ bíbí inú rẹ̀ obìnrin ti wà nínú ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì. Ogiri ti lanu kí aláǹgbá tó wọ̀ ọ́.

Ẹlẹ́rìí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Kuomintang fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1930, ìjọba Chiang ní Nanjing ṣe òfin ilẹ̀ tó ní ìṣákọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún irè oko lọ, òfin náà sì kú sórí ìwé. Ní ọdún 1949, tí Taiwan ti ń di ibi ìsádi wọn, Chen Cheng tó jẹ́ gómìnà ibẹ̀ gé ìṣákọ́lẹ̀ sí 37.5 yẹn gẹ́lẹ́, ó sì rí i pé ó múlẹ̀. Nígbà tó di 1953, wọ́n ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ fún ẹni tó ń dáko lórí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí mọ ohun tó lé wọn kúrò nílé, nítorí òun ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe.

Mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa tẹ àtúnṣe gbólóhùn yẹn sínú èyí tí ń bọ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín tòótọ́,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìntì,
Abẹ́òkúta.