Ẹni Tó Ya Gíráàfù Ló Mú Ìlà Méjì Pàdé

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ lórí irú gíráàfù kan tí ó ti wọ́pọ̀ nínú ìwé ìròyìn àti nínú àbọ̀ iṣẹ́, èyí tí ó ní òǹkà kan lápá òsì, tí ó sì tún ní òǹkà mìíràn lápá ọ̀tún. N kò lòdì sí i. Èmi gan-an máa ń yà á nínú Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣírò. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ohun tí kò sí nínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rí kà níbẹ̀.

Ìdí tí a fi ń lò ó yé mi. Ẹ jẹ́ ká ní a kọ iye òjò oṣù méjìlá sílẹ̀ ní mìlímítà, tí èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 300, a sì kọ ìwọ̀n ooru oṣù kọ̀ọ̀kan, tí kò kúrò láàárín dígírì Celsius 24 sí 29. Bí a bá gbé méjèèjì ka orí òǹkà kan ṣoṣo, àwọn ọ̀pá òjò yóò nà sókè, ṣùgbọ́n ìlà ooru yóò sùn gbalaja sísàlẹ̀ bí okùn tí wọ́n gbàgbé sílẹ̀. Nígbà náà ni a ó fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ ìlà náà, tí a ó yan “Format Data Series”, tí a ó sì fi àmì sí “Secondary Axis”. Lójú ẹsẹ̀ ni òǹkà tuntun yóò yọ lápá ọ̀tún, tí ìlà ooru yóò sì dìde. (Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀pá ni a fi ya méjèèjì, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò dúró síwájú èkíní, yóò sì bò ó mọ́lẹ̀.)

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí òǹkà apá ọ̀tún bá bẹ̀rẹ̀ láti 22, tí ó parí sí 30, ìlà ooru yóò máa gòkè, yóò máa sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni pé ayé ń dàrú. Bí mo bá yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí 0, tí mo yí òpin rẹ̀ sí 60, ìlà kan náà yóò rọra lọ gbọọrọ láàárín àwòrán. N kò fọwọ́ kan iye kankan. “Minimum” àti “Maximum” nìkan ni mo yí. Ìyẹn ni pé oṣù tí òjò yóò ti yọrí ju ooru lọ nínú àwòrán wà ní ìkáwọ́ mi. Mo ti fi irú rẹ̀ hàn níbi ìpàdé kan rí, ọ̀gá wa sì na ìka sí ibi tí ìlà méjì ti pàdé, ó ní: “Oṣù yìí gan-an ni nǹkan yí padà.” Ojú tì mí láti sọ fún un pé èmi kọ́ ni mo tilẹ̀ yan ibẹ̀, pé Excel ló fúnra rẹ̀ yan òǹkà.

Èyí kò wí pé ìpàdé ìlà kò lè nítumọ̀ láé. Nínú àwòrán ojú ọjọ́ tí a fi orúkọ àwọn onímọ̀ méjì, Walter àti Lieth, pè, dígírì Celsius 10 gbọ́dọ̀ kọjú sí mìlímítà òjò 20, 0 àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà ní ipele kan náà. Nítorí àdéhùn yìí, oṣù tí òjò bá wà nísàlẹ̀ ìlà ooru ni a ń kà sí oṣù ọ̀gbẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì yà á, oṣù kan náà ni yóò bá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó kọ Celsius sí òsì, tó kọ Fahrenheit sí ọ̀tún: 0 kọjú sí 32, 100 kọjú sí 212, kò sí ẹni tó lè sún un.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, bí ẹnikẹ́ni bá fi gíráàfù olóǹkà méjì ránṣẹ́ sí yín, ẹ ní kí ó kọ orúkọ àti ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ òǹkà méjèèjì, kí àwọ̀ òǹkà bá àwọ̀ ìlà tó ni ín mu, kí ó sì sọ ìdí tí ó fi bẹ̀rẹ̀ òǹkà kọ̀ọ̀kan níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bí kò bá rí ìdí sọ, kí ó ya gíráàfù méjì, kí ó to ọ̀kan sókè èkejì, kí àwọn oṣù wọn ṣe déédéé. Bí ó bá sì jẹ́ pé bí nǹkan méjì ṣe ń pọ̀ sí i ló fẹ́ fi wéra, kí ó pe oṣù àkọ́kọ́ ní 100 fún méjèèjì, kí ó wá ṣírò ìyókù láti ibẹ̀. Ohun tó kúrò ní 80 bọ́ sí 120 yóò di 150, òǹkà kan ṣoṣo yóò sì tó.

Ní ti àwọn tó ń wá òǹkà kẹta, Excel kò ní in. Àwọn kan a máa fi ọgbọ́n ṣe é, wọn a yí àwọn iye náà padà kí wọ́n lè bá òǹkà kejì mu, wọn a wá ya ìlà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọn yóò fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà sí. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo fi máa parí, èmi tí mo yà á ni mò ń béèrè lọ́wọ́ ara mi pé ìlà wo ló ni òǹkà wo.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.