Lẹ́tà sí Bọ́sẹ̀, nípa obìnrin olókùúta àti ara tèmi

Kábbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Bọ́sẹ̀ mi ọ̀wọ́n,

Òkun o, bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa. Òkun òtútù, òkun iṣẹ́ òru, òkun àjò. Ṣé àwọn ọmọ ń gbádùn? Tiwa níbí, a dúpẹ́. Ọ̀nà ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, ìyẹn ni pé ó ti burú sí i.

Àwòrán ère obìnrin kékeré tí wọ́n fi òkúta gbẹ́, èyí tí o yà ní mùsíọ́ọ̀mù ní Vienna, ní Austria níbẹ̀, dé. Ohùn tí o fi tẹ̀lé e lórí WhatsApp náà, nípa ère yẹn àti ohun tí olùkọ́ yín ń kọ́ yín nípa fífi ara wo ọgbẹ́ ọkàn sàn, mo ti gbọ́ ọ lágbọ̀ọ́túngbọ́. Lẹ́tà ni mo ní kí n fi dáhùn, torí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ nínú ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà ń wọlé tó ń jáde.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ló kọ́kọ́ rí obìnrin olókùúta yẹn. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e jìnnà sójú, ó ní, "Ta ló dirun fún un?" Ẹ̀rín pa mí. Ṣùgbọ́n wo orí rẹ̀ dáadáa: ìlà lé ìlà ló yí i ká. Àwọn onímọ̀ kan ní irun dídì ni, àwọn kan ní fìlà tí wọ́n hun ni. Màmá tún tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Abiyamọ ni. Wọ́n fi osùn pa á lára." Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì sọ fún un pé wọ́n bá àmì amọ̀ pupa lára òkúta náà. Ọmọ Bùnú ni Màmá, kò lè rí pupa kó fojú fò ó. Ilẹ̀ wọn ni obìnrin ti máa ń hun aṣọ ìpò látijọ́ lórí òfì òòró, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ikú èèyàn ńlá.

Kékeré rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. Mo na téèpù mi sórí tábìlì kí n lè rí i: sẹ̀ǹtímítà 11. Àtẹ́lẹwọ́ gbà á! Àwọn awalẹ̀pìtàn rí i ní Willendorf, lẹ́bàá odò Danube, ní 1908, ọdún tí Titcombe, míṣọ́nnárì òyìnbó yẹn, dé ìlú Ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú Bíbélì. Ó ti tó nǹkan bí 30,000 ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. O ní wọ́n tún yẹ òkúta rẹ̀ wò ní 2022, ó sì jọ pé apá àríwá Ítálì ló ti wá. Ẹnìkan gbé e rìn nìyẹn, bóyá ọwọ́ dé ọwọ́, bóyá ìyá sí ọmọ.

Ọ̀rọ̀ LeRoy McDermott, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà, tí o sọ ni kò jẹ́ kí n tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Pé òun àti Catherine McCoid kọ ọ́ ní 1996 pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ obìnrin ló gbẹ́ irú ère wọ̀nyí, tí wọ́n ń wo ara tiwọn látòkè, nígbà tí kò sí dígí. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo bọ́ṣọ, mo tẹrí ba, mo wò. Ọmú sún mọ́ ojú, ó tóbi. Ikùn yọ síta. Itan ń tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ojú nìkan ni mi ò lè rí, obìnrin olókùúta náà kò sì ní ojú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà á. Èmi gbà á, torí iṣẹ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti ń ránṣọ, ekukáká ni mo fi ń rí obìnrin tó jẹ́ kí n wọn ikùn òun bó ṣe wà. Bí mo bá ti na téèpù báyìí, wọ́n á fa ikùn mọ́ra, wọ́n á séèémí. Màá ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí." Wọ́n á ní àwọn ń mí. Ọjọ́ ìnáwó, síìpù á ya, wọ́n á ní télọ̀ ni kò mọṣẹ́. Àti pé wọn kì í wo ara wọn látòkè bíi ti obìnrin yẹn. Ojú ẹni tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n fi ń wò ó.

Ibi tí mi ò ti bá ẹ lọ ni ti Ìyá Ńlá kan ṣoṣo tí olùkọ́ yín ní gbogbo ayé àtijọ́ ń sìn kí àwọn ọkùnrin tó gba àga. Mo kà nípa Marija Gimbutas, awalẹ̀pìtàn ọmọ Lithuania tó kú ní 1994, tó tan èrò yẹn kálẹ̀. Ọ̀pọ̀ awalẹ̀pìtàn ni kò tẹ̀ lé e, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ta ló bi ère léèrè? Lọ́dọ̀ tiwa, Ọ̀ṣun ní odò tirẹ̀, Yemọja ní tirẹ̀, Ìyá Mapó ló ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, àtamọ̀kòkò àtaláró. Kò sẹ́ni tó pò wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Kódà ará Austria tí o wà yẹn, Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ìlú Graz, tó dé ilẹ̀ yìí ní 1950, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, kò gbé òrìṣà kankan wá látilé. Ó jókòó ti àwọn tó bá níbí, ó bá wọn mọ ère sínú igbó Ọ̀ṣun, òun àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú, títí UNESCO fi kọ orúkọ igbó náà mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. (Má dá mi lóhùn pé mo ti fẹ́ di olórìṣà. Èmi ṣì ni mo ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday.)

Ó yá, jẹ́ kí n sọ èyí tí mi ò tíì sọ tán fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo ń rọbí àbígbẹ̀yìn mi, ní ọsibítù kan tí mi ò ní dárúkọ, ara mi ní kí n kúnlẹ̀. Mi ò rò ó, orúnkún mi ló ń wá ilẹ̀. Mo ti sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kí nọ́ọ̀sì tó wọlé. Ó gbá mi nítan, pàá, ó ní ṣé ewúrẹ́ ni mí ni. Wọ́n gbé mi padà, wọ́n dá mi dùbúlẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì kọ́ irin. Ọmọ dé láyọ̀, ìyá ń bẹ láyè, wọ́n ní kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́. Láti ìgbà náà, ọwọ́ yòówù tó bá ṣèèṣì kàn mí nítan, ì báà ṣe ti ọkọ mi, ì báà ṣe ti ọmọ tó ń bá mi ṣeré, èjìká mi á gòkè, eyín mi á pàdé. Mo ti rò pé bí ara àgbà ṣe ń rí nìyẹn. Ọkọ mi rò pé mi ò fẹ́ òun mọ́, kò sì béèrè.

Ìwọ lo wá sọ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 2018 pé kí wọ́n jẹ́ kí aláboyún tó ń rọbí yan bó ṣe fẹ́ wà. Nọ́ọ̀sì ni ẹ́, tí kì í bá ṣe ẹnu ẹ ni, mi ò bá máà gbà á gbọ́. O tún sọ ti Peter Levine ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ irú ìwòsàn ara yìí láti àwọn ọdún 1970: ó ní ẹranko tó bọ́ lẹ́nu ikú a máa gbọ̀n, a sì gbọ̀n ọ́n dànù, àmọ́ èèyàn a máa dì í mọ́ra, ohun tí ara fẹ́ ṣe láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀, tí wọn ò jẹ́ kó ṣe, á ṣẹ́kù sára. Mo ti rí i lára adìyẹ tó bọ́ lọ́wọ́ àṣá, nítorí náà kò ṣòro fún mi láti gbà. Ìwádìí tó wà lórí ọ̀nà rẹ̀ kò tíì pọ̀, ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní máa pè é ní oògùn fún gbogbo èèyàn. Ti èémí ló kọ́kọ́ yé mi: pé kí èyí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ, àyà tó ń lù kìkì á rọlẹ̀, àti pé iṣan vagus tó ti inú orí gba ọrùn dé àyà àti ikùn, ìròyìn ara ló ń gbé lọ sókè jù, àṣẹ tó ń gbé wá sísàlẹ̀ kò tó o. Ìdí nìyẹn tí gbogbo "gbàgbé ẹ̀" tí mo ń sọ fún ara mi kò fi ràn.

Mo ṣe é bí o ṣe wí. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ láàárín àwọn àgékù aṣọ, mi ò pajú dé, mo jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ mi mọ ilẹ̀. Mo gbé ọwọ́ ara mi lé itan tí wọ́n gbá, mo ní, "Ọwọ́ mi rèé." Nígbà tí èjìká gòkè, mo dúró, mi ò fipá mú un. Ọ̀pọ̀ alẹ́ ló lọ bẹ́ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo wá kúnlẹ̀. Mo gbé àyà lé àga, mo jẹ́ kí ìdí mi sọ̀kalẹ̀ bó ṣe fẹ́, ẹsẹ̀ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń gbọ̀n láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo ti ń retí ẹkún. Ìbínú ló wá! Bọ́sẹ̀, mo bú nọ́ọ̀sì yẹn, mo bú u tìyá tìyá, débi tí Màmá fi kígbe láti ẹ̀yìnkùlé pé ta ni mò ń bá jà.

Mo jáde lọ bá a, mo sọ fún un. Kò sọ pé kí n pẹ̀lẹ́. Ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń bímọ ní ìdùbúlẹ̀? Pé orúnkún lòun fi bí gbogbo ọmọ òun, ìyá òun wà lẹ́yìn, ó gbá òun mú láyà. Mo wá rántí àwọn ère obìnrin tó kúnlẹ̀, tí ọwọ́ wọn di ọmú mú, lábẹ́ agere Ifá, ohun tí babaláwo ń kó ikin sí. Ìkúnlẹ̀ ọ̀wọ̀ àti ìkúnlẹ̀ ìrọbí wà nínú rẹ̀ pọ̀, ẹni tó gbẹ́ wọn sì mọ ohun tó ń gbẹ́. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ la fi ń bẹ èèyàn, òun la fi ń gégùn-ún, síbẹ̀ obìnrin kúnlẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí, wọ́n fi í wé ewúrẹ́. Ìyẹn ló ń bí mi nínú títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Mi ò nílò kí ère gbà mí. Mo kàn nílò kó jẹ́rìí sí i pé orúnkún mi ò sìnà lọ́jọ́ yẹn, ó sì jẹ́rìí.

Kí n má purọ́ fún ẹ, Màmá náà ní àbúrò kan tó kú sórí ìkúnlẹ̀, kò sí dókítà nítòsí. Mi ò ní tìtorí ère sọ fún ọmọ mi obìnrin pé kó bímọ sílé. Ọsibítù ni kó lọ, kó sì kúnlẹ̀ níbẹ̀.

Màmá ò tíì dákẹ́ láti ọjọ́ náà. Ó ń sọ ti Òfósì, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ẹ̀mí máa ń gùn, tí wọ́n ní èdè tiwọn tí ará ìta ò gbọ́. Ó dìde nínú kíṣìnnì, ó jó o wò fún mi, òun tí orúnkún ń dùn: ẹ̀yìn tẹ̀, èjìká ń gbọ̀n. Nígbà tó jókòó, ó ní kí n má sọ fún pásítọ̀.

Àwọn mélòó kan nínú ẹgbẹ́ akọrin ti ń yà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìdánrawò. A ń tẹ́ ẹní, a ń mí, a ń kúnlẹ̀, a ń rẹ́rìn-ín. Ìsinmi la sọ ọ́. Òfin kan la ní: a kì í bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ṣe é. Opó kan wà nínú wọn tó sùn lọ fọnfọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a fi ìró bò ó, a jókòó tì í títí ó fi jí.

Ibi tó kù fún mi ni ìdùbúlẹ̀. Mo lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mo lè dojú bolẹ̀, àmọ́ bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ tí mo wo àjà, irin yẹn á padà. Kí ni ẹ ń ṣe fún àwọn tó bá dé irú ibẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ná, àbí kí n fi ìrọ̀rí ga ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀? Fèsì fún mi lórí èyí kí o tó fèsì lórí Gimbutas.

Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́nà ibẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti fi ìró àti bùbá rán an sí ẹ, ìwọ̀n tó wà lọ́wọ́ mi ni mo lò, mo sì fi ààyè sílẹ̀. Bí apá bá fún ẹ, mo ti ká aṣọ díẹ̀ sínú ojú rírán rẹ̀, tú u, má gbé e fún télọ̀ òyìnbó, wọ́n á gba owó aṣọ tuntun lọ́wọ́ ẹ.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Dúpẹ́