Kapil Dev ńkọ́?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí akọ̀ròyìn eré ìdárayá yín kọ lórí krikẹ́ẹ̀tì, pé lílọ́ bọ́ọ̀lù kó lè yà tó bá balẹ̀ ni ti Íńdíà, jíjù ú pẹ̀lú eré ni ti Pakísítàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ló jóòótọ́.

Ta ni yóò bá Pakísítàn du eré? Sarfraz Nawaz, ajùbọ́ọ̀lù Pakísítàn, ló fi àṣírí bọ́ọ̀lù tó ti gbó han Imran Khan ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: ẹ máa nu ẹ̀gbẹ́ kan kó máa dán, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kejì máa họ, ẹ wá fi gbogbo agbára jù ú. Kó tó balẹ̀, ó ti yà síbi tí onípátákó, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà, kò rò. Imran náà kọ́ Wasim Akram àti Waqar Younis. Nínú ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún tí wọ́n ń pè ní Test, Wasim gba wíkẹ́ẹ̀tì 414, Waqar gba 373 (onípátákó kan tí ajùbọ́ọ̀lù lé jáde ni wíkẹ́ẹ̀tì kan). Ọ̀gá ló kọ́ ọmọ iṣẹ́ o, wọn ò bí i mọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ta ló fojú Íńdíà rí màbo nílé ara rẹ̀ ní Chennai, lóṣù kìíní ọdún 1999? Saqlain Mushtaq ni, alọ́bọ́ọ̀lù Pakísítàn! (Kí n má parọ́, àwọn alọ́bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ràn jù.) Ó lé márùn-ún jáde lápá kìíní, ó tún lé márùn-ún lápá kejì. Sachin Tendulkar, onípátákó Íńdíà, ti gba rọ́ọ̀nù, ìyẹn àmì ayò, 136, rọ́ọ̀nù 17 péré ló kù kí Íńdíà borí, ni Saqlain bá lé e jáde. Rọ́ọ̀nù mẹ́rin péré làwọn tó kù rí fi kún un. Pakísítàn fi rọ́ọ̀nù 12 borí, àwọn ará Chennai sì dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Lóòótọ́, kò pé ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí Anil Kumble, alọ́bọ́ọ̀lù Íńdíà, fi nìkan lé gbogbo onípátákó Pakísítàn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jáde ní Delhi. Wasim fúnra rẹ̀ ló ṣe ìkẹwàá. Ìyẹn bá ọ̀rọ̀ akọ̀ròyìn yín mu.

Àmọ́ nígbà tí Kapil Dev fẹ̀yìn tì lọ́dún 1994, wíkẹ́ẹ̀tì 434 ló ní nínú Test, kò sẹ́ni tó ní tó o láyé. Eré ló fi ń jù ú, ọmọ Íńdíà sì ni. Mo wá orúkọ rẹ̀ lójú ewé yín títí, n kò rí i.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn