Máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa ti di kọ́bílà

Ìtòkú, Abẹ́òkúta.
Oṣù Ẹ̀bìbí.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà ní Atlanta? Màmá ń kí ọ gan-an, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn gbóhùn rẹ.

Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, èyí tí èmi àtìwọ máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ wo àwọn tó ń gun Olúmọ, so lọ́dún yìí débi pé ẹ̀ka rẹ̀ ń fà nílẹ̀. A jẹ, a fún aládùúgbò, síbẹ̀ ó ń jẹrà mọ́lẹ̀. Ó dùn mí. Ìgbà yẹn ni mo rántí kọ́bílà, èso dídùn tí wọ́n fi bísíkíìtì rírọ̀ bò lórí tí wọ́n sì yan, tí o kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ránṣẹ́ sí mi, tí o ní èso písì ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é ní Georgia lọ́dọ̀ yín. Mo ní iṣẹ́ tí písì bá ṣe, máńgòrò náà á ṣe é.

Èyí tí mo ṣe ní Sátidé kò dáa. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: a ó ro láfún títí kò fi ní ní kókó, a ó po búrẹ́dì títí á fi jọ̀lọ̀. Bí mo ṣe po fúláwà náà nìyẹn. Bísíkíìtì orí rẹ̀ yi bíi pọ̀nmọ́, bẹ́ẹ̀ o ti sọ fún mi pé kì í ṣe bísíkíìtì líle tí a fi ń mu tíì, pé ó yẹ kó rọ̀. Màmá rọra gbé tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò sọ nǹkan kan.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, mo tún un ṣe. Fúláwà ife méjì, bẹ́kìn páódà ṣíbí tíì méjì àtààbọ̀, ṣúgà ṣíbí méjì, iyọ̀ díẹ̀. Bọ́tà 100 gíráàmù tó ti sun inú fíríìjì mọ́jú ni mo gé wẹ́wẹ́, tí mo fi orí ìka rún mọ́ fúláwà títí tó fi rí bíi gààrí tó ní kókó. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sínú mílíìkì tútù tí kò kún ife, mo dà á sí i, mo fi fọ́ọ̀kì rò ó pọ̀. Bí fúláwà gbígbẹ ṣe pòórá báyìí, mo jáwọ́. Ọ̀rẹ́ mi, kò rọrùn! Ojú mi ń rí kókó, ọwọ́ ń yún mi. Àmọ́ inú bọ́tà tí kò tíì yọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà: inú iná ni kó ti yọ́, kí omi inú rẹ̀ di ooru, kó máa ṣí inú bísíkíìtì sílẹ̀ bó ṣe ń wá ọ̀nà jáde. Tí a bá ń pò ó, ńṣe ni fúláwà á máa yi.

Máńgòrò ńlá mẹ́fà ni mo mú, èyí tó pọ́n ṣùgbọ́n tó ṣì le díẹ̀, tí kì í há síni léyín. Ó ti dùn fúnra rẹ̀, nítorí náà ṣúgà ṣíbí mẹ́ta péré ni mo fi sí i, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ kan, atalẹ̀ díẹ̀, àti sítáàṣì ṣíbí kan kí omi rẹ̀ lè ki. Mo jẹ́ kó hó kí n tó fi ṣíbí já bísíkíìtì lé e lórí, torí bí èso bá tutù, abẹ́ bísíkíìtì kì í tètè jinná.

Kò síná lọ́jọ́ náà. Mo gbé ìkòkò irin tí Màmá fi ń se ìrẹsì ìnáwó ka èédú, mo da iyanrìn sídìí rẹ̀, mo gbé abọ́ lé e, mo dé e, mo to ẹyin iná sórí ìdérí. Ìwọ kọ ooru ààrò 190 lórí ìwọ̀n Celsius, fún 40 ìṣẹ́jú. Èédú kò ní nọ́ńbà. Ìgbà tí omi máńgòrò ń hó fùkẹ̀fùkẹ̀ létí abọ́, tí orí rẹ̀ pọ́n, tí ẹyọ ìgbálẹ̀ tuntun tí mo tì bọ bísíkíìtì jáde láìlẹ̀ mọ́ nǹkan kan, mo sọ ọ́ kalẹ̀.

Màmá jẹ ẹ́, wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ó kù?" Ìwọ náà mọ̀ wọ́n, wọn kì í fẹ́ nǹkan dídùn. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

O ní oṣù Ọ̀pẹ̀ lo ń bọ̀. Máńgòrò á ti tán, ṣùgbọ́n agbálùmọ̀ á ti ń wọ ọjà. Ó kan gan-an, ṣúgà á ní láti pọ̀ sí i; èmi àtìwọ la ó jọ dán an wò. Bá mi mú abọ́ gíláàsì tó lè wọ iná bọ̀. Èédú wà nílé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.