Sí Àṣàkẹ́, Lórí Ẹ̀kọ́ Òpin Ọ̀sẹ̀ Rẹ

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé níbi tí o ti ń ṣe àgùnbánirọ̀. Ara wa le nílé. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ṣe dé láti Àsàlátù, àbúrò rẹ ṣí ojú ewé rẹ lórí ayélujára fún mi, níbi tí o ti ń kọ́ àwọn ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń kà á títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì. Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní Sátidé, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá ojúlé kejì wá wò ó. Èyí tó wù mí jù ni ti ọmọkùnrin tó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀kọ́ Excel rẹ pé òun ti fi ṣírò ọjà ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun, ó sì bá ara mu dé orí kọ́bọ̀. Ẹyọ ẹnì kan yẹn, mo kà á sí ju gbogbo àwọn tó tẹ àmì ọkàn pupa lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà ní ikùn mi láti ìgbà tí o wálé kẹ́yìn. Sátidé ni, o ní Súrà Al-Asr lo fẹ́ gbé síta. O jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ò ń pààrọ̀ àwọ̀ ẹ̀yìn àwòrán. O fi àwọ̀ ewé sí i, o yọ ọ́. O fi ti wúrà sí i, o ní lẹ́tà ò hàn. Wọ́n pe ìrun Àyílà, o ní, "Màámi, ó ku díẹ̀." Àkókò ń lọ, àwọ̀ lò ń wá. Súrà náà kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, ọmọ mi. Ọlọ́hun fi àkókò búra níbẹ̀, Ó ní inú òfò ni ọmọ ènìyàn wà, àfi àwọn tó gbàgbọ́, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ rere, tí wọ́n ń gba ara wọn níyànjú òdodo àti sùúrù. Àlejò wà nílé lọ́jọ́ náà ni mi ò ṣe sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Nígbà tí èmi wà nílé kéwú, ààfáà wa kì í jẹ́ ká fọ wàláà, pátákó tí a fi ń kọ́ kéwú, tí a ò bá tíì lè ka ohun tó wà lára ẹ̀ láìwò ó. A ó ti fi tàdáwà kọ ọ́, a ó máa kà á lónìí, a ó máa kà á lọ́la, ètè wa á gbẹ. Ìgbà tó bá wọlé sórí wa tán la tó ń da omi sí i fún ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí mo ṣe fẹ́ kí o máa ṣe fóònù rẹ nìyẹn. Ohun tí o bá fẹ́ gbé síta ní Sátidé, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ láti Ọjọ́rú. Bí o kò bá lè sọ ọ́ fún mi láìwo ìwé, jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo rí i tí o kọ ọ́ pé Ànọ́bì ní ká wá ìmọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ní Ṣáínà. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, inú wáàsí ni mo ti gbọ́ ọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ onímọ̀ hàdíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànọ́bì, ní kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, Ibn al-Jawzi, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ayé àtijọ́, tilẹ̀ kó o mọ́ àwọn irọ́ tí wọ́n pa mọ́ Ànọ́bì. Èyí tó wà nínú ìwé Bukhari ni pé ẹni tó lóore jù nínú yín ni ẹni tó kọ́ Àlùkùráánì, tó sì fi kọ́ ẹlòmíràn. Fi ìyẹn rọ́pò rẹ̀. Má kàn rọra pa á rẹ́. Sọ ọ́ síta pé o ṣàṣìṣe, kí àwọn tó ti pín in lè mọ̀.

Háṣítáàgì rẹ, ọ̀rọ̀ tí o ń fi # ṣáájú yẹn, ńkọ́? #EkoOpinOse tí o kọ láìsí àmì ohùn yẹn, nígbà tí àbúrò rẹ tẹ̀ ẹ́, àwòrán àwọn tó ń ṣe fàájì l'Ékòó ló kọ́kọ́ yọ sí wa. Ẹ̀kọ́ lo ní lọ́kàn, Èkó ni wọ́n kà sí. Máa wá ọ̀rọ̀ náà wò ná kí o tó mú un. Wò ó bóyá #KewuSatide á dáa. Nígbà tí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Chris Messina, dábàá àmì # yìí lórí Twitter ní 2007, ẹgbẹ́ ló ní kí wọ́n máa fi ṣe, kí àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lè rí ara wọn. Nítorí náà, ọ̀kan tàbí méjì ti tó. Má sì lọ lẹ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun mọ́ háṣítáàgì ìròyìn ikú tàbí ìjà tó ń lọ lọ́wọ́, torí kí èrò lè pọ̀.

Ẹni tó bá wá bá ọ ní kọ̀rọ̀ lóru pé òun nìkan lo máa kọ́ ní kéwú, má dá a lóhùn.

Bí nẹ́tíwọ̀kì ò bá sí ní Sátidé kan, má jẹ́ kó dà ọ́ láàmú. Pè mí lẹ́yìn Àsúbáà, kí o ka Al-Asr fún mi, kí o sì sọ ohun tí o fi ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Mo ti ra dátà sílẹ̀. Wàláà mi ṣì wà lókè àjà. Bí o bá wálé fún Iléyá, màá ní kí àbúrò rẹ bá wa gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ