Ẹ̀sùn Lórí Irúgbìn Ata Rodo Tí Kò Hù

Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, 2025.

Ẹ̀yin Alákòóso,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ irúgbìn ata rodo tí mo rà ní ìsọ̀ yín níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ni mo bá wá. Ọ̀rá 4 ni mo rà. Ẹ kọ ọ́ sí i lára pé nínú kóró 100, 85 yóò hù. Kóró 200 ni mo gbìn sínú tiréè. 11 péré ló yọjú.

Mo pe nọ́ńbà yín. Ọmọkùnrin tó gbé e ní omi ni mo bù jù. Ọ̀gá mi, ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń tọ́ ọmọ ata tà fún àwọn àgbẹ̀ Ìjẹ̀dẹ̀ àti Ìmọ̀tà. Mo mọ̀ pé bí omi bá dúró sí kóró ata lára, rírà ni yóò rà. Ìdí tiréè mi lu, ilẹ̀ dúdú àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹra dáadáa ló sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, n kò fẹ́ pa irọ́ mọ́ yín, mo bá dán an wò.

Mo ka kóró 20 nínú ọ̀rá yín, mo tò wọ́n sórí tíṣù tí mo rẹ, tí mo sì fún kó má baà máa kán. Mo ká a, mo fi sínú ike onídèérí, mo gbé e sí ilé ìdáná níbi tó móoru. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún kóró 20 tí mo yọ nínú ata pípọ́n tèmi, tí mo sá níbòòji. Ní ọjọ́ kẹjọ, tèmi ti ń lanu, gbòǹgbò funfun bí ẹnu abẹ́rẹ́ ti ń yọ jáde. Nígbà tó fi pé ọjọ́ 14, 17 ti hù. Tiyín, 2. Àwọn yòókù bu. Mo fi èékánná tẹ ọ̀kan, omi rírà ló tú jáde, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Omi kan náà, tíṣù kan náà, ilé ìdáná kan náà.

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Ọwọ́ mi tó tutù ló kan ọ̀rá náà, ni bébà pélébé tí ẹ kọ déètì sí bá ṣí. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ti òkè ní 2026 ni àkókò rẹ̀ máa parí. Ti ìsàlẹ̀ ní 2022. Fọ́tò méjèèjì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ata rodo a máa lo ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kó tó ṣeé ṣí lọ sóko. Òjò ti dé báyìí, kí ni mo fẹ́ ṣí? Ìyá àgbà kan ní Ìmọ̀tà ti sanwó sílẹ̀ fún mi, ó ti kọ ebè, koríko ló ń bò ó. Ojú ń tì mí láti gba iwájú ilé wọn kọjá.

Ẹ dá owó ọ̀rá 4 náà padà fún mi. Ẹ kó èyí tó kù kúrò lórí àtẹ, torí mo ṣì rí i ní ìsọ̀ yín ní Sábó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí ẹ sì sọ ẹni tó lẹ déètì tuntun bo ti àtijọ́ fún mi. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí n kò gbóhùn yín, màá kó ẹjọ́ yìí lọ bá NASC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2019 fi ọ̀rọ̀ irúgbìn lé lọ́wọ́. Ọ̀rá kan wà lọ́wọ́ mi tí n kò tíì já. Mo fi pamọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ dán an wò.

Èmi ni,
Ìyá Títí, ọlọ́mọ ata.